SAMUEL JOHNSON: ÌRÁNṢẸ́ ỌLỌ́RUN LÁÀÁRÍN ÀWỌN ỌMỌ OGUN

 

A máa ń sọ ìtàn àwọn tí ó sin Ọlọ́run ṣáájú wa, kí àwa tí a kù lẹ́yìn lè rí ipasẹ̀ tí a ó tọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn sọ́jà àti àwọn ará ilé wọn ni ó wà lọ́kàn wa. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ni ó ní ọmọ, tàbí ọkọ, tàbí ẹ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ológun. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ẹnì kan lọ máa bá wọn gbàdúrà ní bárékè, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹnì kan á ní sọ́jà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á ní ibi tí ìbọn bá wà kì í ṣe ibi tí à ń gbé àbẹ́là lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò wá lọ? Àwọn ọmọ ogun lọ bá Johanu Onítẹ̀bọmi ní etí odò, kò lé wọn padà. Ilé balógun ọ̀rún kan tí à ń pè ní Korneliu ni Peteru ti kọ́ wàásù fún àwọn kèfèrí. Bí ó ti wà nínú Bíbélì nìyẹn, ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá náà.

Ẹ̀yin ará wa ní Goubi, ní Kambolé, ní Tchamba títí dé Sokodé, ní ilẹ̀ Togo, ẹ̀yin ni a rò jù bí a ti ń kọ èyí. Èdè wa kò jìnnà síra, bí ti yín tilẹ̀ ní adùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Faransé ni àwọn ọmọ yín ń kà ní súkúù, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi kọ ìwé ńlá rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú yín lè ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Samuel Johnson ni orúkọ náà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, òǹkọ̀wé ìtàn Yorùbá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àwa fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kí ó tó di òǹkọ̀wé, àti lẹ́yìn tí ó di òǹkọ̀wé, ìránṣẹ́ ìjọ ni, láàárín ìlú àwọn jagunjagun.

IBI TÍ A GBÉ BÍ I

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní ìlú Hastings, ní Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Henry, bàbá rẹ̀. Wọ́n kà á mọ́ ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Ogun ni ó kó o kúrò ní ilé, ó di ẹrú, àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀ lórí òkun ni ó gbà á, tí wọ́n sì gbé e sọ̀ sí Sàró. Ẹ wo bí Ọlọ́run ti ń ṣe é: ogun tí ó lé bàbá kúrò nílé, òun náà ni ọmọ yóò padà wá bá wí.

Ní ìparí ọdún 1857, ìdílé náà bá àlùfáà David Hinderer wọkọ̀ padà sí ilẹ̀ baba wọn. Ará Jámánì ni Hinderer, ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Henry di ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́ fún àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Samuel nígbà náà.

ÌLÚ TÍ Ó JẸ́ BÙDÓ

Ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ láyé ìgbà náà. Bùdó ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Nígbà tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń tú, tí àwọn ìlú Ẹ̀gbá náà sì ti fọ́, àwọn ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, wọn kò sì túká mọ́. Ìlú tí a kì í fi ìdílé joyè ni. Ẹni tí ó bá mọ ogun jà ni ó ń gòkè, láti orí oyè kékeré títí dé orí Balógun àti Baálẹ̀. Agbo ilé ìjòyè kan lè kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn: àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn ẹrú, àti àwọn ọmọ ogun tí ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìbọn kò bá dún lọ́dún kan, ebi lè pa irú agbo ilé bẹ́ẹ̀. Bárékè ni gbogbo ìlú, ká má tàn ara wa.

Àárín irú ènìyàn báyìí ni Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kúdẹtì láti ọdún 1853. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn jagunjagun fúnra wọn o, láti orí àwọn ọmọ wọn ni. Ìjòyè ogun kan tí à ń pè ní Olúnlọ́yọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́ kí ó máa kọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí i pé òyìnbó kò jẹ àwọn ọmọ náà, tí kò sì tà wọ́n, àwọn mìíràn mú tiwọn wá. Bí ọ̀nà ṣe là nìyẹn. Ilé tí ẹnu ọ̀nà bàbá ti lè, ọmọ a máa ṣí i. Ẹ rántí èyí, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

EBI TI OGUN ÌJÀYÈ

Samuel kò tíì pẹ́ ọdún mẹ́ta ní Ìbàdàn tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, ní 1860. Kúrunmí ni olórí Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè é. Gbogbo ọ̀nà tí ó ti etí òkun wá sí Ìbàdàn dí. Owó kò dé, iyọ̀ wọ́n, lẹ́tà kò wọlé. Tọkọtaya Hinderer tí ń bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé, àpótí, agolo, aṣọ, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra àgbàdo àti ẹ̀wà. Òǹkàwé lè rò ó pé àwọn òyìnbó máa ń jẹ àjẹyó. Ní ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní ebi. Anna ṣàìsàn gidigidi, ara rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú ní 1870.

Ìjàyè ṣubú ní oṣù Kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ìjà Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá kò tán títí di 1865. Nínú ìlú tí ó ṣẹ́gun gan-an, opó pọ̀, ọmọ aláìníbaba pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Samuel, ó sì ń wò ó. Ó rí i pé ẹni tí ogun ń jẹ kì í ṣe ọ̀tá nìkan.

Ní 1863, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ Bühler, ará Jámánì mìíràn, tí kò fi àyè ọ̀lẹ gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rárá. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ẹ wò ó: ọmọ tí ó ti Ìbàdàn wá ń kàwé láàárín àwọn Ẹ̀gbá, nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ń bá ara wọn jà. Kò sí ẹni tí yóò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé ọ̀tá náà ní ìyá, ó ní ọmọ, ó ń sunkún bí àwa náà ti ń sunkún.

OLÙKỌ́ ÀTI ONÍWÀÁSÙ

Ó padà sí Ìbàdàn ní 1866, ó di tíṣà. Láìpẹ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Tọkọtaya Hinderer lọ sílé pátápátá ní 1869, kò sì sí òyìnbó kankan tí ó wá rọ́pò wọn láti máa gbé níbẹ̀. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá, ni ó di olórí iṣẹ́ náà. James Òkúṣẹ̀ìndé wà pẹ̀lú rẹ̀, Samuel Johnson sì ni ìkẹta wọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí mẹ́ta ni wọ́n gbé ìjọ Ìbàdàn dúró ní ọdún tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ ó tòrò. Ní 1875, Johnson gbé Lydia Òkúṣẹ̀ìndé níyàwó, ọdún náà ni ó sì di katikíìsì. Wọ́n fi í jẹ díákónì ní 1880.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ń ṣe títí di òní: kíkọ́ ọmọdé, wíwàásù ní ojúde àwọn ìjòyè, bíbẹ aláìsàn wò, sísìnkú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ojúde ológun ni ojúde tí ó ń lọ. Ọkùnrin tí ó jókòó tí ń fetí sílẹ̀ lónìí lè gbé ìbọn lọ́la, kí ó má sì padà. Ó tún ní àṣà kan tí ó dára púpọ̀: ó máa ń kọ ohun tí ó bá rí àti ohun tí ó bá gbọ́ sínú ìwé ìròyìn tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé náà ṣì wà títí di òní. Àwọn tí ń wá ìtàn máa ń kà wọ́n.

OGUN KÍRÌJÍ

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà gan-an. Àwọn Ìbàdàn fi àjẹlẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìwà àwọn àjẹlẹ̀ yìí burú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn tilẹ̀ burú jù wọ́n lọ. Wọ́n ń kó ewúrẹ́ ènìyàn, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fárígá, ó pa wọ́n. Àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókò so ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di ọ̀gágun wọn. Òun náà, Ìbàdàn ti kó o lógun rí, ó ti gbé láàárín wọn, ó mọ bí wọ́n ti ń jà. Ní ìhà kejì ni Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn.

Wọ́n dojú kọ ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, orí òkè ní ìhín, orí òkè ní ọ̀hún. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn òyìnbó tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn. Dídún tí àwọn ìbọn náà ń dún láàárín òkè ni a fi ń pe ogun náà ní Kírìjí. Ọdún lé ọdún, kò sí ẹni tí ó lè lé ẹnì kejì kúrò.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé irú ibẹ̀ fún ọdún bẹ́ẹ̀? Ìlú ni wọ́n sọ bùdó di. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n ná ọjà, wọ́n dá oko yí i ká. Àwọn ìyàwó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń ṣòwò. Àwọn ọmọ tí a bí sí bùdó kò mọ ilé mìíràn. Ọmọ ọdún márùn-ún kan lè wà níbẹ̀ tí ó rò pé bí ayé ti rí nìyẹn, kí bàbá máa jáde ní òwúrọ̀ lọ yìnbọn, kí wọ́n sì máa gbé àwọn mìíràn bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nílé náà, àwọn tí ó ṣẹ́ kù ń retí. Àwọn ọ̀tá yí Ìbàdàn ká: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Ìlọrin àti Èkìtì. Kò sí ọ̀nà tí ó dán. Ẹ̀yin ìyàwó sọ́jà tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ kí a máa wo ojú ọ̀nà, ẹ̀yin ni ẹ lè mọ ìtàn yìí jù wá lọ.

ÌRÁNṢẸ́ ÀLÀÁFÍÀ

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń wá ẹni tí yóò pàrí ìjà yìí. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n bá òun dá sí i. Ta ni yóò gbé lẹ́tà náà la àárín àwọn ọ̀tá kọjá? Samuel Johnson ni. Bí wọ́n bá mú un lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Ó lọ, ó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò so èso lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 1884, òyìnbó míṣọ́nárì kan, J. B. Wood, lọ sí bùdó méjèèjì láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bu ọlá fún un, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ogun kò tán. Ní 1885, Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó, láì fojú kan ilé rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí ó di ọdún 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó ń wá ẹni tí yóò rán. Kò rán sọ́jà. Àlùfáà méjì ni ó rán: Charles Phillips tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Òǹdó, tí àwọn Èkìtì mọ̀ tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé, àti Samuel Johnson tí Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn mọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe é, nítorí bí Johnson nìkan bá lọ, àwọn Èkìtì á ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Bí Phillips nìkan bá lọ, àwọn Ìbàdàn á ní ará ibẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ní láti gbára lé ara wọn, kí àwọn ọmọ ogun tó lè gbára lé wọn.

Wọ́n lọ bá àwọn ọ̀gágun ní bùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi wọ́n bóyá àlàáfíà wù wọ́n lóòótọ́. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́. Gbogbo ìkùnsínú ọdún pípẹ́ ni wọ́n tú síta: tani ó kọ́kọ́ ṣẹ̀, tani ó pa ọmọ ta, ìlú wo ni ti ta. Ẹni tí ó bá ti parí ìjà ìdílé rí mọ̀ pé ìgbọ́ràn ni ìdajì iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àwọn aṣojú ìhà méjèèjì wá sí Èkó, a sì kọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1886. Ìwé náà sọ pé kí Èkìtìparapọ̀ wà lómìnira, kí Ìbàdàn má ṣe jọba lé wọn lórí mọ́. Àwọn ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ bá wọn gbé lè kó kúrò. Kí àwọn ọmọ ogun méjèèjì sì tú bùdó.

Àwọn àlùfáà náà tún gbé ìwé padà lọ sí òkè. Ó rọrùn láti kọ ìwé. Kí ẹni tí ó ti ń bá ara wọn yìnbọn láti ọdún yìí wá gbà pé ẹnì kejì kò ní lé òun lẹ́yìn bí òun bá yíjú padà, iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó ṣe, Gómìnà rán àwọn aṣojú rẹ̀, Higgins àti Smith, wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ìhà méjèèjì jẹ́ ẹ̀jẹ́ àlàáfíà. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì fi iná sí bùdó tí ó ti di ilé fún wọn. Ìyá tí ó kó ọmọ tí a bí sí ojú ogun padà wálé ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, kí ni yóò sọ fún Ọlọ́run?

ÈYÍ TÍ KÒ TÁN

A kò gbọ́dọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn náà kò yanjú ní ọdún wọ̀nyẹn. Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì dojú kọ ara wọn ní ìhà Ìkìrun àti Ọ̀fà títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wọn parí ìjà, kò pẹ́ tí òun náà fi di olórí ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Bower, fi ìbọn àgbá yìnbọn sí Ọ̀yọ́, ìlú tí Johnson ti ń ṣe olùṣọ́-àgùtàn. Ọkùnrin tí ó lo agbára rẹ̀ láti pa ìbọn lẹ́nu mọ́ ní òkè Kírìjí rí i tí ìbọn ń dún lórí ìjọ rẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà, ẹ má ṣe rò pé ẹ ó parí rẹ̀ láyé yín. Ẹ ṣe tiyín.

Ní ilé Johnson náà, ìbànújẹ́ wà. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1888, ọdún náà ni Lydia ìyàwó rẹ̀ kú. Kò torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

ÌWÉ TÍ Ó SỌNÙ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwọn ènìyàn, Johnson rí i pé àwọn àgbà ń kú, ìtàn sì ń bá wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ń sọ fún un, Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ ń sọ fún un, àwọn jagunjagun arúgbó náà ń sọ èyí tí ojú wọn rí. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tí ó ti wàásù fún ni ó di olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ológun gbọ́ tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti ológun.

Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà á. Iṣẹ́ ogún ọdún lé! Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson sùn nínú Olúwa, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, kò sì fojú rí ìwé náà.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson ní Èkó, kó àwọn àjákù ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1916, nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà. Ogun náà ni ó tún fẹ́ gbé ìwé tí a kọ nípa ogun mì. Nígbà tí ìwé dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, bébà ti wọ́n. Ọdún 1921 ni ó tó jáde. Obadiah náà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Títí di òní, kò sí ẹni tí yóò kọ ìtàn Yorùbá tí kò ní ṣí ìwé yẹn wò.

Ẹnì kejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ àlàáfíà, Charles Phillips, di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1906.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkínní, kí a má ṣe fi ojú ẹni tí ó ti sọnù wo ológun. Ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà kan náà, àwọn onígbàgbọ́ ní Balógun tiwọn, John Òkénlá, tí wọ́n ń tẹ̀ lé lọ sí ogun tí wọ́n sì ń bá gbàdúrà. Ẹ̀wù sọ́jà kò ní kí Ẹ̀mí Mímọ́ má wọlé.

Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí bàbá kò bá tíì fẹ́ gbọ́, ìyàwó wà, ọmọ wà. Ẹni tí ó bá lọ sí bárékè tí ó kọ́ ọmọ ní ìwé, tí ó bá obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun gbé omi, tí ó jókòó ti opó lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú dé, ó ti wàásù kí ó tó ya ẹnu rẹ̀. Bí ìjọ Kúdẹtì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run má ṣe di ti apá kan. Bí a bá rán ọ sí àárín àwọn ológun, kì í ṣe pé kí o máa bá wọn gbé àṣírí, kì í sì í ṣe pé kí o máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìṣẹ́gun fún ẹni tí ó bá fún ọ lówó. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: àwọn kan nínú àwa aláṣọ funfun ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kó ìtìjú bá wa. Johnson jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ó sì gbé ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ó gbé lọ sọ fún Ìbàdàn pé kí wọ́n tú àwọn Èkìtì sílẹ̀. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa lọ ní méjì-méjì. Kí á wá ẹni tí ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé, bí kò tilẹ̀ ti ibi tí àwa ti wá. Ní Tchamba àti ní Sokodé, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà àti oríṣiríṣi ìsìn ń gbé pọ̀, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ìtàn lásán.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní Goubi àti ní Kambolé, ẹ lọ bá àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà, ẹ bi wọ́n ní ibi tí àwọn baba wọn ti wá àti ohun tí ojú wọn rí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá sọnù, kí àbúrò yín tún un kọ.

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run àwọn ọmọ ogun, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ fún àwọn tí Ìwọ rán sí àárín ìbọn láì fi ìbọn lé wọn lọ́wọ́. A gbàdúrà fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú iṣẹ́ ológun, fún ìyàwó wọn, fún ọkọ wọn, fún àwọn ọmọ tí ń wo ojú ọ̀nà. Mú wọn padà bọ̀ wálé. Ẹni tí kò ní padà bọ̀, má ṣe jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan dá sunkún. Rán wa sí wọn. Kí ẹsẹ̀ wa má wọ́ mọ́. Ní orúkọ Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.